Ohun Tí Bàbá Mi Ń Lọ Wò ní Sinimá Ládùn

Ní àárọ̀ ọyẹ́, òórùn Sinimá Ládùn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa kí a tó rí ilé náà. Bí a bá ti jáde nílé wa lẹ́bàá ọ̀nà Ìtirẹ́, tí a gbé báàgì ìwé kọ́ èjìká, kí a tó dé igun ni òórùn náà á ti dé imú wa: sìgá tó ti gba omi, èèpo ẹ̀pà, èèpo ọsàn tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ìtọ̀ àwọn tí kò lè mú un mọ́ra kí fíìmù parí, àti ẹfun tuntun tí wọ́n máa ń fi kun ògiri iwájú. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ á ti ṣí ilẹ̀kùn ńlá sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè wọlé, ṣùgbọ́n bí o bá yọjú sí i, òkùnkùn nìkan ni wàá rí. Oòrùn ti yọ sórí gbogbo Sùúrùlérè, ilẹ̀ ti mọ́ fún adìyẹ, ó ti mọ́ fún ewúrẹ́, nínú ilé yẹn kò tí ì mọ́. Láti kékeré ni mo ti ń fura sí i. Mo máa ń bi ara mi pé irú ilé wo ni oòrùn ń bẹ̀rù.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lágbègbè wa kò ní gbàgbé ilé náà. Bàbá Ládùn ló kọ́ ọ, ọkùnrin kan tó ń ta pákó ní Ìjọ́ra. Àwọn àgbà ní kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀, ọgbà lásán ni ibẹ̀. Ògiri yí i ká, kò lórùlé, àwọn èèyàn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa wo àwòrán lára ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn. Bí òjò bá dé, wọ́n á gbé bẹ́ǹṣì lórí, wọ́n á ṣì máa wò ó lọ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá ni Bàbá Ládùn fi páànù bò ó, ó ra ẹ̀rọ tó dára, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin gàdàgbà síwájú ilé.

Orúkọ yìí gan-an kò jẹ́ kí àdúgbò sinmi. Ìyá Sùlè tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà, tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà, máa ń sọ pé òun kò mọ ẹnikẹ́ni tó rí ọmọ tó ń jẹ́ Ládùn yìí rí. Á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ọmọ ò sí nílé, ọmọ ò sí lóko, orúkọ ẹ̀ wá wà lára ògiri. Ẹ ò wá rò ó?" A máa ń rò ó. Àwa ọmọdé inú ilé gbà pé abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni Ládùn wà, pé òun ló ń fa èrò wá sí sinimá baba rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo ti pé ọmọ ogún ọdún dáadáa kí n tó mọ̀ pé ìlú òyìnbó ni Ládùn wà, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ sì le.

Ògiri ẹ̀yìn sinimá náà ló dojú kọ ẹ̀yìnkùlé wa. A kì í rí fíìmù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a kì í gbọ́. A mọ ìgbà tí ẹṣin ń sáré, a mọ ìgbà tí ìbọn ń dún, a mọ orin àwọn ará Íńdíà lórí láìmọ ohun tí wọ́n ń wí. Bàbá mi kì í jẹ́ kí a sún mọ́ iwájú ibẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ni ní Yaba, díákónì sì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọkùnrin tó máa ń fi ọwọ́ na aṣọ rẹ̀ kí ó tó jókòó. Ohun tó máa ń sọ nípa sinimá kò ju ọ̀kan lọ: "Òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀." Bí a bá ti gbọ́ èyí, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹnìkan ṣoṣo nínú ilé wa ló máa ń wọ Sinimá Ládùn, Bùrọ̀dá Láyí, àbúrò bàbá mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá wọn ti rán an wá sọ́dọ̀ wa kó lè kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin. Ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ tán láé, ọ́ìlì dúdú máa ń wà ní etí èékánná rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bí bàbá mi bá lọ sípàdé ìjọ, Láyí á yọ́ lọ sí sinimá. Tó bá dé, á kó àwa ọmọdé jọ sí ẹ̀yìnkùlé, á fi ìgbálẹ̀ ṣe ìbọn, á ṣubú lulẹ̀, á dìde, á tún ṣubú, títí a ó fi rẹ́rìn-ín dé ibi tí omi ń bọ́ lójú. Ìyá mi máa ń ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Bùrọ̀dá ni òun náà ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàgbà jù ú lọ, nítorí pé àbúrò ọkọ ni, ó ti wà nílé kó tó dé.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, Láyí wọṣẹ́ ṣọ́jà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi wọ kákí wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá mi ló bi í pé, "Bùrọ̀dá, ta lẹ bi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa dé kí wọ́n tó mọ̀ pé òun lọ. Ogun parí, àwọn ṣọ́jà ń bọ̀ wálé, àwọn ará Mushin ń pa àgbò, ṣùgbọ́n a kò rí Láyí. Bàbá mi lọ sí báráàkì títí ó fi sú u. Ohun tí wọ́n ń sọ fún un kò yí padà: kò sí lára àwọn tí wọ́n mọ̀ pé ó kú, kò sì sí lára àwọn tí wọ́n rí. Kó lọ máa gbàdúrà.

Ọdún kan kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó tún lé. Nígbà náà ni ìwà bàbá mi yí padà.

Ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ ní ọ́fíìsì ló máa ń wálé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Ó lè jẹ́ Ọjọ́rú, ó lè jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bí ìyá mi bá bi í, á ní ìpàdé ìjọ ni. Ìyá mi ò bá a jiyàn. Télọ̀ ni ìyá mi, ojú rẹ̀ sì mọ́ ibi tí òwú bá ti tú. Lọ́jọ́ kan tó ń fọṣọ, mo rí i tó gbé ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi sí imú, tó gbóòórùn rẹ̀, tó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó nà án sí mi.

"Ṣadé, kí lo gbọ́ níbẹ̀?"

Mo gbóòórùn rẹ̀. Sìgá ni, àti ẹ̀pà, àti nǹkan tútù kan tí mo mọ̀ dáadáa. Bàbá mi kì í mu sìgá. Mo sọ fún un pé ó ń rùn bíi Sinimá Ládùn.

Ó ri ṣẹ́ẹ̀tì náà sómi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń bá a jà. Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́ sínú ara rẹ̀ pé, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rù rẹ̀.

Kò pẹ́ ni Ìyá Sùlè náà wá. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ká etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u.

"Ìyá Ṣadé, ẹ má bínú sí mi o. Mi ò kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya."

"Ẹ máa wí, mò ń gbọ́."

"Mo rí Bàbá Ṣadé lánàá, ní ẹ̀gbẹ́ sinimá. Kì í ṣe iwájú. Ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ yẹn. Kúdí ló ṣí i fún wọn."

Gbogbo àdúgbò ló mọ Kúdí. Òun ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nídìí ihò kékeré iwájú sinimá. Ó máa ń kun ètè pupa, ó máa ń lẹ pọ́dà mọ́ ọrùn, ó sì ní eyín kan tó ń dán bí owó tuntun. Kò lọ́kọ nílé, àwọn obìnrin àdúgbò kò sì dárí èyí jì í. Ìyá mi tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ránṣọ títí ó fi dé etí rẹ̀, ó gé òwú, ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá Sùlè." Ìyá Sùlè dìde, inú rẹ̀ kò dùn sí i pé ìyá mi kò sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé wa ti di ilé tí gbogbo èèyàn ń fi etí kọ́ ògiri. Bí bàbá mi bá wúkọ́, ìyá mi á gbórí sókè. Bí ìyá mi bá dákẹ́, bàbá mi á wo ojú rẹ̀, á tún gbé ojú kúrò. Tí wọ́n bá jẹun, ìró ṣíbí ni a máa ń gbọ́. Èmi náà ò gbẹ́yìn. Bí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, mo máa ń dúró lódìkejì títì, kí n máa wo Kúdí. Mo ń wá ohun kan lára rẹ̀ tó jẹ́ ti bàbá mi, hańkáṣíìfù, tàbí bíírò, tàbí bí ó ṣe ń rìn. Lọ́jọ́ kan ó rí mi, ó pè mí, ó na gúgúrú sí mi. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lọmọ díákónì?" Mo sá lọ. Bí mo ṣe délé, mo fọ ọwọ́ mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gba gúgúrú náà.

Ìyá mi bi bàbá mi léèrè lójúkojú níkẹyìn. Ọjọ́ Sátidé ni, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo wà nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀.

"Bàbá Ṣadé, kí lẹ ń wá ní sinimá?"

Bàbá mi gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ kalẹ̀. Mo retí pé á ní irọ́ ni. Ó ní, "Fún mi ní ìgbà díẹ̀ sí i."

"Ìgbà díẹ̀ láti ṣe kí ni?"

"Mo ní kí o fún mi ní ìgbà díẹ̀ sí i, Ìyá Ṣadé."

Ó dìde, ó mú Bíbélì rẹ̀, ó jáde. Ìyá mi jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa àpótí aṣọ rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ sínú rẹ̀, tirẹ̀ lápá kan, tèmi lápá kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní Ìpọ̀nrí. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ là ń lọ. Mo ń ronú ilé ìwé mi, mo ń ronú ẹni tí yóò máa lọ aṣọ fún bàbá mi. Ó fẹ̀yìn ti àpótí náà, ó ní, "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mo fẹ́ mọ ìdí yẹn kí n tó lọ."

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àkókò tí bàbá mi máa ń wálé ti kọjá, ìyá mi kó iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ó wé gèlè tó máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó sì gba ojú títì lọ tààrà sí ìdí ilẹ̀kùn kékeré náà. Kúdí ló ṣí i. Oòrùn mú un lójú, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí.

"Mọ́mì, a ò tí ì bẹ̀rẹ̀ o. Àṣálẹ́ ni."

"Ọkọ mi wà nínú."

Kúdí wò ó, ó wò mí. N kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, n kò rí ẹ̀sín. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ Sinimá Ládùn nìyẹn. Òkùnkùn náà tóbi ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì tutù. Ìró ẹ̀rọ kan ń bọ̀ láti òkè lẹ́yìn wa, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gba orí wa kọjá, eruku ń jó nínú rẹ̀. Bàbá mi nìkan ló jókòó síbẹ̀. Ó wà ní ìlà iwájú, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀, ó gbórí sókè bí ọmọ ilé ìwé. Kò sí obìnrin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lára aṣọ funfun ńlá tí wọ́n ta síwájú, àwọn ṣọ́jà ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Omi dúdú, ìgbẹ́ lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbé ẹrù lórí, wọ́n ń lọ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn wé aṣọ inura mọ́ ọrùn. Nígbà tó dé etídò, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí ẹnìkan tí a kò rí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì kọjá. Ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ funfun.

Bàbá mi kò yíjú padà. Ó ké sí òkè pé, "Múfú, jọ̀ọ́, tún un ṣe."

Ìyá mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó rìn lọ síwájú, ó jókòó tì í. Bàbá mi ta gìrì, ó fẹ́ dìde, ìyá mi sì gbé ọwọ́ lé e lórí orúnkún. Ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tún dé, wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀, ọmọkùnrin náà tún bojú wẹ̀yìn. Èmi náà ti jókòó lẹ́yìn wọn. Mo gbìyànjú láti mú ojú Bùrọ̀dá Láyí wá sórí ojú yẹn, ṣùgbọ́n mo ti kéré jù nígbà tó lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo rántí, gbogbo ẹni tó bá sì ń rẹ́rìn-ín ló máa ń jọ ọ́.

"Ṣé o rí i?" bàbá mi bi í.

"Mo rí i."

"Òun ni, àbí òun kọ́?"

Ìyá mi tún wo aṣọ funfun náà. "Mi ò mọ̀, Bàbá Ṣadé. Èjìká yẹn jọ ti Bùrọ̀dá. Ṣùgbọ́n ó yára kọjá jù."

"Ó yára jù," ni bàbá mi wí. "Gbogbo ìgbà ló ń yára jù."

Ó wá ṣàlàyé fún un nínú òkùnkùn yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọ́fíìsì tó mọ Láyí ló sọ fún un pé òun rí ẹnìkan tó jọ ọ́ nínú fíìmù ìròyìn ogun tí wọ́n ń fi ṣáájú fíìmù gidi. Nítorí pé díákónì ni, kò fẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Ó bẹ Múfú tó ń yí ẹ̀rọ, ó bẹ Kúdí tó ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kékeré, wọ́n sì ń ṣí i fún un kí èrò tó dé.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún ọ, wàá ní kí n sọ fún Màámi. Tí mo bá wá sọ fún Màámi, tó bá jẹ́ pé òun kọ́ ńkọ́?"

Múfú sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó ń fi èékánná họ apá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Ó ní fíìmù ìròyìn náà kì í ṣe tiwọn, àwọn tó ni ín ń bọ̀ wá kó o lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ibòmíràn. Bàbá mi wo ìyá mi. Ìyá mi ní, "Ẹ lọ mú Màámi wá."

Ìyá bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá pẹ̀lú gàrí àti òrí àti adìyẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Màámi ni gbogbo wa ń pè é. Kò wọ sinimá rí láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán tí a máa lọ, ó wẹ̀, ó lo aṣọ òkè tó gbé wá, ó fi òrí pa ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ń dán. Bí a ṣe ń rìn lọ, ó di èjìká mi mú. Ó bi bàbá mi pé, "Dèjọ, ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn, ṣé ó máa ń rí ẹni tó ń wò ó?"

"Rárá, Màámi."

"Ó dáa."

Kúdí gbé tìmùtìmù wá fún un. Màámi gbàdúrà fún un, ó jókòó. Ìyá mi jókòó lápá kan, bàbá mi lápá kejì, èmi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tàn, mi ò wo àwòrán, ojú Màámi ni mò ń wò, nítorí pé n kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ kí n má rí i. Ojú náà kò yẹ̀. Àwọn ṣọ́jà sọ̀ kalẹ̀ lára ẹyinjú rẹ̀. Ẹ̀rọ dúró. Múfú tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Nígbà tó tún dúró, bàbá mi tẹ̀ síwájú.

"Màámi?"

"Kì í ṣe òun."

"Ẹ tún un wò dáadáa, Màámi. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn yẹn..."

"Dèjọ, èmi ni mo bí Láyí. Ọmọ ọlọ́mọ lèyí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìyá ẹ̀ rí i." Ó na ọwọ́ kí ìyá mi gbé òun dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Nílé, kó tó bọ́ aṣọ òkè náà, ó ní kí bàbá mi jókòó. Ó ní, "Ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Láyí ti kú. Mo ti ń fi ẹnu yí i láti ọjọ́ yìí wá. Sọ fún pásítọ̀ yín kó ṣe ìsìn fún un, kí èmi náà lè máa sọ fún èèyàn pé ọmọ mi kú." Bàbá mi fi orí lé orúnkún rẹ̀, ó sì sunkún. N kò rí i kí ó sunkún rí, n kò sì rí i mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Màámi ń fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ níbi tí irun ti ń tán.

Wọ́n ṣe ìsìn náà. Kúdí wá, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ìyá mi sì lọ mú un wá síwájú lójú gbogbo ìjọ. Ìyá Sùlè rí i, ó sì sún fún un. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tètè wálé. Ìyá mi kó aṣọ wa kúrò nínú àpótí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí Màámi máa padà sílé, ó ń di irun fún mi ní ẹ̀yìnkùlé. Orí mi wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ìró fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ògiri wá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ṣadé, èyí tí wọ́n fi hàn wá yẹn, wọ́n ti kó o lọ?"

"Wọ́n ti kó o lọ, Màámi."

"Níbo ni wọ́n ń kó o lọ?"

Mo ní n kò mọ̀, bóyá Ìbàdàn, bóyá ibòmíràn.

"Ṣé ó máa ń dé Ògbómọ̀ṣọ́?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í di irun náà, ó rọra, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé kó má dùn mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló sọ ọ́, kì í ṣe fún mi.

"Wọ́n jẹ́ kó rù. Láyí mi rù púpọ̀."

Mo fẹ́ yíjú padà, ó sì fi orúnkún di orí mi mú. "Jókòó jẹ́ẹ́. Má sọ fún bàbá ẹ. Bó bá mọ̀, inú òkùnkùn yẹn ni yóò parí ayé ẹ̀ sí."

N kò sọ fún un. Màámi kú, bàbá mi náà kú lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó ti darúgbó, n kò sì sọ ọ́. Mo máa ń fura nígbà míì pé ó mọ̀. Mo rántí bó ṣe wo ìyá rẹ̀ nígbà tó ní kì í ṣe òun, tó ṣí ẹnu, tó tún pa á dé. Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ mọ̀, tí ẹnì kìíní ń pa á mọ́ fún ẹnì kejì. N kò ní rí ẹni bi.

Sinimá Ládùn náà ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n wọ ilé, Bàbá Ládùn kú, ọmọ rẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ó ta ilé náà. Wọ́n fi kó táyà sí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá wó o, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù sórí ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ta ọjà níbẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀ rí.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn gbà pé bí àgbà bá ti fi nǹkan pamọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ló fi pamọ́. Ó gbà pé bí òun bá sáà tẹjú mọ́ wọn dáadáa, òun á ká wọn mọ́ ọn. Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà náà lọ báyìí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti sin ọkọ. Àkọ́bí mi obìnrin wà ní òkè òkun. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo ti ọ̀dọ̀ dókítà bọ̀, ó pè mí lórí fóònù tí a ti ń rí ojú ara ẹni. Ó bi mí pé kí ni dókítà wí. Mo ní wọ́n ní kò sí nǹkan kan, àárẹ̀ ọjọ́ orí ni. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ sún mọ́ fóònù kí n rí ojú yín." Mo sún mọ́ ọn. Ó tẹjú mọ́ mi títí, ó ń wá ohun tí mo fi pamọ́ kiri lójú mi, mo sì jẹ́ kó máa wá a.